Ẹja orí-ejò kó sí wa níwọ̀ ní Potomac, kí ni ká ṣe sí i?

Dèjì_OxonHill
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ yìí kánjú, etí odò ni mo ṣì wà báyìí. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin wá ju ìwọ̀ sétí odò Potomac ní Maryland níbì kan tí koríko omi ti pọ̀ gan-an, bí ẹja kan ṣe gbé ìjẹ mì nìyẹn, ó sì fa okùn débi pé ọ̀pá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Nígbà tá a fà á jáde, ó gùn tó apá mi, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, eyín kún ẹnu rẹ̀, ara rẹ̀ sì ní àmì dúdú-dúdú bíi ti òjòlá. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé e sórí ilẹ̀, kò kú! Ẹnu ló ń là tó ń pa dé, tó bá sinmi díẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ó ń wá ọ̀nà padà sómi. Mo ní garawa ńlá kan ní bùútù mọ́tò, mo wá ń rò ó pé kí n bu omi sí i kí n gbé e délé láàyè, torí a ní àlejò lọ́la, ìyàwó mi lè fi ṣe point and kill fún wọn. Àmọ́ òyìnbó kan tó ń pẹja nítòsí wa ní tí wọ́n bá ká ẹja yìí mọ́ mi lọ́wọ́ láàyè wàhálà ni, ẹnì kejì rẹ̀ sì ní kí n kàn jù ú padà sódò kí n máa bá tèmi lọ. Èwo ni kí n ṣe? Fọ́tò rẹ̀ nìyí.

Màmá_Tóbi
Ẹ má gbé e lọ láàyè o, ẹ má sì dá a padà sómi. Ẹ ní sùúrù, @Fàtáì_Ọmọ_Ẹ̀pẹ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá bá wa dá sí i.

Fàtáì_Ọmọ_Ẹ̀pẹ́
Mo ti rí i. Bọ̀dá Dèjì ẹ kú oríire, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́ kẹ́ ẹ tó fọ̀bẹ kàn án, torí ẹja kan wà lódò tó jọ ọ́ dáadáa tó sì jẹ́ ọmọ onílùú, bowfin lorúkọ ẹ̀, òun náà máa ń gbé ẹnu sókè omi mí afẹ́fẹ́, àwọn èèyàn sì ti pa á púpọ̀ lórí ẹ̀sùn tí kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ yí ikùn ẹja yẹn sókè. Ẹ wo lẹbẹ tó wà lẹ́yìn ihò ìdí rẹ̀. Tó bá gùn gbọọrọ títí lọ dé ẹ̀bá ìrù, snakehead ni. Tó bá kúrú, bowfin ni. Ẹ tún wo lẹbẹ kékeré méjì abẹ́ ikùn, ti snakehead máa ń wà níwájú, ó súnmọ́ abẹ́ orí, ti bowfin àárín ikùn ló wà. Akọ bowfin sì sábà máa ń ní àmì dúdú róbótó kan nídìí ìrù. Kí lẹ rí?

Dèjì_OxonHill
Ẹ̀gbọ́n, ó gùn gbọọrọ. Lẹbẹ méjèèjì sì wà níwájú gan-an. Kò sí àmì róbótó kankan nídìí ìrù. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì yọ síta ju tòkè lọ.

Fàtáì_Ọmọ_Ẹ̀pẹ́
Snakehead ni, ẹja orí-ejò, northern snakehead, àlejò láti Éṣíà ni, kì í ṣe ọmọ odò yìí. Òótọ́ ni òyìnbó àkọ́kọ́ yẹn sọ fún yín. Ní Maryland kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ní in lọ́wọ́ láàyè, ì báà jẹ́ nínú garawa, ì báà jẹ́ nínú bààfù ilé, kódà kẹ́ ẹ kàn ń gbé e láti etí odò dé ilé. Point and kill ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá pa á níbẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ sì ní láísẹ́ǹsì ìpẹja yín lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè. Kò sí pé ó kéré jù, kò sí pé kì í ṣe àsìkò rẹ̀, kò sí iye tẹ́ ò gbọ́dọ̀ kọjá. Àwọn DNR, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó odò àti igbó fún ìjọba Maryland, ńṣe ni wọ́n ń bẹ aráàlú pé ká máa pa á ká máa jẹ ẹ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ fi igi gbá a lórí kó dákú, ẹ wá ki ọ̀bẹ bọ abẹ́ ideri ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kẹ́ ẹ gé gills rẹ̀, ìyẹn ohun pupa tó fi ń mí nínú omi, kí ẹ̀jẹ̀ dà jáde, lẹ́yìn náà ẹ la ikùn kẹ́ ẹ kó ìfun rẹ̀ jáde. Tó bá ṣì ń ṣe yín bíi pé ó ń mira, ẹ gé orí kúrò. Ìgbà yẹn lẹ máa tó kó o sínú kúlà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé yìnyín pé yìnyín á pa á o, ẹja tó ń la ọ̀gìnnìtìn já lábẹ́ odò dídì ní Ṣáínà àti Rọ́ṣíà ni, yìnyín kúlà ò jọ ọ́ lójú, ó lè jẹ́ pé ẹ máa ṣí kúlà délé kó ṣì máa wò yín.

Kẹ́mi_Zoology
Ọmọ yín á fẹ́ mọ ìdí tí kò fi kú Bọ̀dá Dèjì, torí náà ẹ kà á fún un. Nínú orí ẹja yẹn, lókè gills rẹ̀, yàrá kékeré kan wà lápá ọ̀tún àti òsì, ara ògiri yàrá yẹn kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín. Tí ẹja náà bá gbé ẹnu sókè tó sì gbé afẹ́fẹ́ mì, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yẹn ń lọ, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ọ́síjìn. Nígbà ẹ̀rùn tí omi bá gbóná tó sì dúró sójú kan, tí ọ́síjìn bá tán nínú omi, àwọn ẹja yòókù á máa léfòó, òun á kàn gòkè wá mí ni, á padà sísàlẹ̀. Tí ara rẹ̀ bá ṣì tutù, ó lè wà lórí ilẹ̀ tó ọjọ́ mẹ́rin kó má kú.

Mo fẹ́ tún èyí sọ o torí mo máa ń rí i lórí WhatsApp: ẹja yìí kì í rìn kiri àdúgbò, kì í wọlé tọ ajá èèyàn. Àwọn tó dàgbà kì í lè rìn jìnnà lórí ilẹ̀ rárá, wọ́n kàn ń yí síbí yí sọ́hùn-ún ni. Ohun tó ń gbé e dé odò tuntun ni ìkún omi, àti ọmọ èèyàn. Ọmọ èèyàn ló sì burú jù níbẹ̀.

Ibi tí agbára rẹ̀ wà gan-an ni bó ṣe ń tọ́mọ. Abo kan lè yé tó 15,000 ẹyin lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè yé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Akọ àtabo á ro koríko omi kúrò lójú kan bí àwo fẹ̀ǹfẹ̀, ẹyin á léfòó síbẹ̀, àwọn méjèèjì á wá máa ṣọ́ ọ. Tí ọmọ bá pa tán wọn ò ní fi wọ́n sílẹ̀ o. Ẹ lè rí ọmọ ẹja tí wọ́n kó jọ lójú omi bíi bọ́ọ̀lù, wọ́n ń gòkè wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ìyá àti bàbá wà lábẹ́ wọn, ohunkóhun tó bá súnmọ́ wọn wọ́n á bù ú jẹ. Ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn tó wà lódò yẹn máa ń yé ẹyin tiwọn ni wọ́n á bá tiwọn lọ.

Jìmọ́_Bowie
Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ o, àmọ́ ṣé kò ti pọ̀ jù báyìí? Èmi náà ń pẹja ní Potomac, wọ́n ti ń pariwo ẹja yìí láti bíi ogún ọdún, ẹja bass ṣì wà níbẹ̀, mo ṣì ń pa á. Ká ní òótọ́ ni pé ó máa jẹ gbogbo odò run, ó yẹ kó ti jẹ ẹ́ tán.

Fàtáì_Ọmọ_Ẹ̀pẹ́
Jìmọ́, o sọ òótọ́ kan níbẹ̀, mi ò ní bá ọ jiyàn lórí Potomac, bass ibẹ̀ ò kú tán bí wọ́n ṣe bẹ̀rù nígbà yẹn. Àmọ́ lọ sí àbàtà Blackwater ní Dorchester County, ní òdìkejì Chesapeake Bay lọ́hùn-ún. Wọ́n ti ka ẹja ibẹ̀ kí snakehead tó débẹ̀, wọ́n tún padà lọ kà á lẹ́yìn tó débẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ẹja tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló dínkù gan-an. Odò yàtọ̀ síra. Potomac tóbi, ó jìn, ibi ìsápamọ́ wà fún ẹja kéékèèké. Àbàtà tí omi rẹ̀ ò jìn tí koríko sì kún inú rẹ̀, ilé snakehead nìyẹn, kò sí ibi tí àwọn yòókù máa sá gbà. Ní Dorchester yẹn náà ni wọ́n ti pa èyí tó tóbi jù tí Maryland tíì rí nígbà náà, 2023, pọ́ùn 21! Ẹja pọ́ùn 21, kí lẹ rò pó jẹ kó tó tóbi tó bẹ́ẹ̀?

Bó ṣe dé ló ń dùn mí jù. Ní Crofton, kò jìnnà sí ilé Jìmọ́ rárá, ọkùnrin kan ra méjì láàyè lọ́jà kan ní New York, ó fẹ́ fi se ọbẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá. Kí ẹja tó dé ara ọmọ náà ti yá. Ó sìn wọ́n nílé, nígbà tó sú u, ó kó wọn sínú adágún kan lẹ́yìn ilé ìtajà. Ọdún 2002 ni apẹja kan fa ọ̀kan jáde níbẹ̀, ayé gbọ́. Ìjọba da oògùn sómi adágún yẹn, gbogbo ẹja inú rẹ̀ ló kú, ti onílé ti àlejò, ọmọ snakehead tí wọ́n kó níbẹ̀ lé ní 1,000. Méjì péré tí ẹnì kan fi ìfẹ́ rà fún aláìsàn. Àwọn tó wá fara hàn ní Potomac lọ́dún 2004, wọ́n yẹ DNA wọn wò, wọn ò wá láti Crofton, ìyẹn ni pé ẹlòmíràn tún ti dà wọ́n síbẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìdí tí mi ò fi ń fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Àwọn tó bá jẹ́ ọmọ etí ọ̀sà níbí á rántí koríko orí omi tó ti apá Àgbádárìgì wọlé ní nǹkan bí 1984, èyí tó máa ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò. Àwọn èèyàn ní ó rẹwà. Kò pẹ́ tó fi bo ojú ọ̀sà, ọkọ̀ ò rí ọ̀nà gbà, ẹ́ńjìnnì ń kọ́ sínú rẹ̀, ẹni tó bá na àwọ̀n, koríko lá fà jáde. Bàbá mi máa ń jókòó sínú ọkọ̀ kó máa fọwọ́ já koríko kúrò lára àwọ̀n fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹja tó sì máa bá níbẹ̀ ò ní ju ìwọ̀nba tá a máa jẹ. Títí dòní koríko yẹn ò tíì lọ. Nǹkan tó bá ti wọ omi, ẹ ò lè ní kó jáde mọ́.

Dèjì_OxonHill
Mo ti pa á, mo ti la ikùn rẹ̀. Ẹja kéékèèké méjì ló wà nínú rẹ̀ àti alákàn kan, ọ̀kan nínú ẹja yẹn ò tíì dà rárá. Ọmọ mi ń ya fídíò. Ẹ ṣeun gan-an.

AdéTampa
Láti Florida ni mo ti ń kí yín. Ti wa níbí ni walking catfish, ẹ wò ó, bí àrọ̀ ló rí, mọ̀lẹ́bí àrọ̀ ni. Láti Thailand ni wọ́n ti kó o wá ní bíi 1960 sí 1965 fún àwọn tó ń sin ẹja fún ẹwà, ó sá kúrò nínú adágún ọgbà ẹja, ó sì tàn káàkiri gúúsù Florida. Òun ní tiẹ̀ ń rìn lóòótọ́ o! Tí òjò bá rọ̀ lóru á fi ẹ̀gún ìyẹ́ apá rẹ̀ gún ilẹ̀, á máa wọ́ ara rẹ̀ kọjá lórí títì, mo ti fojú ara mi rí i níwájú gáréèjì wa. Àwọn tó ní ọgbà ẹja níbí máa ń ṣe ọgbà yí adágún wọn ká torí ẹ̀, torí tó bá wọlé, ẹja inú rẹ̀ ló ń jẹ.

Ẹ ò sì ní gbàgbọ́, àrọ̀ tiwa gan-an tá à ń sìn ní Ìkòròdú àti Ìbàdàn, wọ́n ń sá fún un níbòmíràn. Ní Íńdíà ìjọba fòfin de sísìn ín lọ́dún 2000 torí pé ó wọ odò wọn ó sì ń jẹ ẹja onílé. Ó wà ní Brazil náà. Èmi fẹ́ràn àrọ̀, mi ò lè purọ́, àmọ́ odò tiwa ló mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń jẹ òun náà wà níbẹ̀.

Kẹ́mi_Zoology
Bẹ́ẹ̀ ni. Snakehead tilẹ̀ ní ìbátan nílé, Parachanna obscura wà nínú àwọn àbàtà àti odò wa láti ayébáyé, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́kún torí òun àti àwọn yòókù jọ dàgbà sínú omi kan náà ni. Lọ́dún 2002 tí Amẹ́ríkà ṣòfin, àtàwọn ti Éṣíà àti ti Áfíríkà ni wọ́n kà mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ìkankan wọn wọ orílẹ̀-èdè yìí láàyè. Gbogbo ìdílé àrọ̀ náà wà nínú ìwé yẹn. Ẹni tó bá ń rò ó pé òun á fi ọgbọ́n gbé ọmọ àrọ̀ láti ilé wá sìn níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò.

Ṣeun_Houston
Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ béèrè nǹkan, kí inú má bí ẹnikẹ́ni. Wòlíì wa ní kí n ra ẹja ààyè méje, kí n fi gbàdúrà, kí n sì dá wọn sílẹ̀ sínú odò tó ń ṣàn. Ìtajà àwọn ará Éṣíà ni mo fẹ́ ti ra á. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Alàgbà_Ọ̀ṣọ́fà
Ṣeun ọmọ mi, ó kàn ọ́ gan-an. Aṣọ funfun ni èmi náà ń wọ̀, mo sì mọ irú iṣẹ́ àdúrà bẹ́ẹ̀ láti Èkó. Nílé, àrọ̀ tá a rà lọ́jà tá a dá padà sódò, ibi tí wọ́n ti bí baba ńlá rẹ̀ là ń dá a padà sí. Ibí ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹja tó wà nínú táǹkì ìtajà, oko ẹja ló ti wá, ìwọ ò mọ ibi tí wọ́n ti bí i, ó sì lè ní àrùn lára tí ẹja odò yẹn ò rí rí. Títú u sílẹ̀ sínú odò láìgbàṣẹ lòdì sófin, owó ìtanràn wà ńbẹ̀, àmọ́ bí kò tilẹ̀ sí òfin, a ò lè máa tọrọ ire lọ́wọ́ Ọlọ́run kó jẹ́ pé ibi là ń gbìn sínú omi tó dá. Ohun tá a ṣe nínú ìjọ tiwa ni pé tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wá, a ó gbàdúrà sí ẹja yẹn, wọ́n á pa á nínú ìtajà, a ó fi ta ọrẹ fún àwọn tí kò ní. Lọ bá wòlíì yín sọ ọ́ tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀, ẹni tí Ẹ̀mí ń lò á gbọ́. Tó bá fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àgbà, fi nọ́mbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, èmi á pè é.

Ṣeun_Houston
Ẹ ṣé gan-an bàbá. Màá fi ránṣẹ́.

Akin_Atlanta
Ní Georgia tiwa níbí, ọdún 2019 ni wọ́n kọ́kọ́ rí snakehead, adágún kan ní Gwinnett County. Ohun tí ìjọba sọ nígbà yẹn ò gùn: pa á lójú ẹsẹ̀, fi sínú fírísà, ya fọ́tò, pè wá. Ẹ tọ́jú fọ́tò ẹ̀yin ará, àti ibi tẹ́ ẹ ti pa á.

Fàtáì_Ọmọ_Ẹ̀pẹ́
Akin ṣeun tó o rán mi létí. Bọ̀dá Dèjì, ẹ ya fọ́tò ẹja yẹn pẹ̀lú ibi tẹ́ ẹ dúró sí, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí DNR, ojú òpó wọn wà fún un. Pàápàá tó bá jẹ́ odò tí wọn ò tíì gbọ́ pé ó wà. Ẹ tún yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, nítòsí lẹbẹ òkè, bóyá ẹ máa rí okùn rọ́bà tín-ín-rín kan tí wọ́n kọ nọ́mbà sí. Àwọn ìjọba àpapọ̀ so ó mọ́ àwọn kan lára kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ń rìn dé, wọ́n ti san $10 rí fún ẹni tó bá pa èyí tí okùn rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, $200 fún búlúù. Tẹ́ ẹ bá rí i ẹ má jù ú nù.

Ẹ tún gbọ́ o, tẹ́ ẹ bá lọ jẹun níbì kan tẹ́ ẹ rí Chesapeake Channa nínú ìwé oúnjẹ wọn, ẹja yìí kan náà ni. Maryland ló fòfin sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 2024 káwọn èèyàn lè máa rà á. Mo fara mọ́ ọn. Bí ìkòkò ọbẹ̀ bá lè bá wa dín wọn kù, ẹ jẹ́ kó ṣe é.

Dèjì_OxonHill
Kò sí okùn lára rẹ̀, mo ti wò ó dáadáa. Mo ti fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó ti wà nínú kúlà. Ó wá ku sísè, ṣé ó dùn sẹ́? Ìyàwó mi wo fọ́tò ó ní òun ò jẹ ejò.

Aunty_Rónkẹ́_Ìdáná
Dèjì bá mi sọ fún ìyàwó ẹ pé kó fọkàn balẹ̀, ejò kọ́ o, ẹja gidi ni, ara rẹ̀ funfun, ó le dáadáa, kì í fọ́ sínú ọbẹ̀, eegun rẹ̀ ò sì pọ̀. Kò dà bí àrọ̀ o, ó ní ìpẹ́, torí náà kọ́kọ́ ha ìpẹ́ rẹ̀ láti ìrù bọ̀ wá síwájú. Ó máa ń yọ̀ gan-an, iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni kó o fi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí yíyọ̀ yẹn lọ. Gé e sí abala ńlá-ńlá. Tó bá jẹ́ peppersoup, jẹ́ kí omi ata, àlùbọ́sà, ata rodo àti ehuru kọ́kọ́ hó dáadáa kó o tó kó ẹja sí i, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó o, má rò ó, já efinrin sí i kó o tó sọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín in, fi iyọ̀ àti ata gbígbẹ pa á lára, jẹ́ kó sinmi nínú fíríìjì, nù ún gbẹ kó o tó jù ú sóróró.

Nǹkan kan ṣá o. Ẹja odò ìlú ńlá ni, kó ọ̀rá ikùn àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, torí ọ̀rá ni ìdọ̀tí omi máa ń sá pamọ́ sí. Tí aboyún tàbí ọmọ kékeré bá wà nílé, ẹ wo ohun tí ìjọba Maryland sọ nípa iye ìgbà tó yẹ kí wọ́n jẹ ẹja Potomac lóṣù, wọ́n máa ń gbé e jáde odò kọ̀ọ̀kan.

Jìmọ́_Bowie
Aunty ẹ ti jẹ́ kí ebi pa mí. Ẹ̀gbọ́n Fàtáì, mo gbọ́ tiyín nípa Blackwater, mi ò mọ̀ pó rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá tún pa ọ̀kan mi ò ní dá a padà mọ́. Ìgbà wo lẹ tún ń lọ? Mo fẹ́ bá yín lọ.

Fàtáì_Ọmọ_Ẹ̀pẹ́
Sátidé tó ń bọ̀, láàárọ̀ kùtùkùtù. Mú láísẹ́ǹsì ẹ, mú ọ̀bẹ tó mú, mú yìnyín. Má mú garawa wá.